Ohun Tó Dí Táǹkì Bàbá Rọra

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni ìyàwó Bàbá Rọra kà sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní gbèsè tí ọkọ òun jẹ mí nìyẹn, kí n gbà á, kí n wá lọ ba ọkọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe jẹ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe. Wọ́n ti fi irọ́ san owó fún mi rí, wọ́n ti fi ẹkún san án, ẹnì kan tilẹ̀ fi ajá san án, ajá náà sì sá padà sí ilé olówó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn san gbèsè tán kó ní kí wọ́n ba nǹkan òun jẹ́, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i.

Ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Bàbá Rọra, ẹrù ilé ló ń kó. Bẹ́ẹ̀dì, àga, kọ́bọ́ọ̀dù, dígí, ẹnikẹ́ni tó bá ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn ní àdúgbò wa, òun ni wọ́n ń pè. Bí àwọn alágbàṣe bá ti gbé nǹkan sókè, á tẹ̀ lé wọn bí ìyá tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun, á máa ní, "Ẹ rọra. Mo ní kí ẹ rọra. Ṣé òkúta lẹ pe eléyìí ni?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Nígbà kan, ó gbé dígí ìyàwó tuntun kan, èyí tó ga ju ènìyàn lọ, láti ìpẹ̀kun ìlú kan dé èkejì. Ńṣe ló ń wa ọkọ̀ bí ẹni ń tẹ ẹyin mọ́lẹ̀. Mọ́tò tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń bú u. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìgbà tó débẹ̀, tó wo dígí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Èébú kì í fọ́ dígí." Ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò fọ́ nǹkan ẹlòmíràn rí. Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ nínú yàrá tó kọjú sí ọ̀nà, òun ń kó ẹrù, àwọn méjèèjì fi iṣẹ́ wọ̀nyí tọ́ ọmọ mẹ́rin. Píkọ́ọ̀pù tó ń lò dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Ẹni tó bá ní àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù, kò purọ́. Ẹni tó bá ní ìpẹtà ni, òun náà kò purọ́.

Ní ọjọ́ kan, ó gbé ọkọ̀ náà wá. Ó ní àṣà kan nígbà náà: kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù àfi bí mo bá jáde lọ dúró síwájú, tí mò ń ké sí i pé, "Máa bọ̀, máa bọ̀, ọ̀tún díẹ̀, ó tó." Mo rò pé ó fẹ́ kí n máa fi ọlá àgbà wọ̀ ọ́ ni, nítorí ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Kì í sì í kí mi àfi bí mo bá kọ́kọ́ lanu. Ìyẹn náà, mo kà á kún ọlá àgbà.

"Ọ̀gá," ó ní, "ọkọ̀ mi ń bì."

"Kí ló ń bì?"

"Epo. Wọn ò ní tíì rọ ọ́ dé ibì kan, á ti tú u dà."

Mo bá a lọ sí ilé epo kí n lè fi ojú ara mi rí i. Ọmọbìnrin tó ń ta epo níbẹ̀ ti mọ ọkọ̀ náà dáadáa, ó sì ti kórìíra rẹ̀. Ó ki imú pọ́ọ̀mpù bọ ẹnu táǹkì, ó tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tó fi ké "kàá", tó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ké. Ìgbà kẹta, epo ru jáde, ó dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Bàbá," ọmọbìnrin náà ní, "ṣé ọkọ̀ yín ti jẹun láti ilé ni?"

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Lítà mẹ́wàá la fi ìyà rọ, mo sì ní kó dáwọ́ dúró.

Iṣẹ́ táǹkì kò le bí àwọn kan ṣe ń pariwo rẹ̀. Ẹ wo ìgò tí ẹ rì sómi: bí omi ṣe ń wọlé ni afẹ́fẹ́ ń jáde. Rọ́bà méjì ló ti ẹnu táǹkì lọ sí inú rẹ̀. Èyí tó tóbi ni epo ń gbà wọlé. Èyí tó kéré bí ọmọ-ńdinrín, òun ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí kékeré bá dí, epo àti afẹ́fẹ́ á pàdé lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó máa yà fún èkejì.

Mo jáàkì ọkọ̀ sókè, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Rọ́bà ńlá ti gbó, ó ti là, mo pààrọ̀ rẹ̀. Nínú kékeré, mo bá àkísà kan tí epo ti rin gbingbin. Mo rò pé mẹkáníìkì kan tí kò mọ iṣẹ́ ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo jù ú nù, mo sì bú ẹni náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ̀rún méje ni mo bù lé e. Bàbá Rọra ní òun á san án tí oṣù bá parí.

Oṣù ò tíì parí tó fi padà dé. Ọkọ̀ tún ń bì.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo tú rọ́bà kékeré, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, omijé bọ́ lójú mi, afẹ́fẹ́ kò kọjá. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wá inú rẹ̀ wò, mo sì rí okùn òwú kan tó yọ orí. Mo fà á. Ohun tó jáde sí mi lọ́wọ́, mo gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo tún un wò, mo tún un yí padà. Aṣọ ni, wọ́n ká a bí ẹní, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ran etí rẹ̀ yípo, ojú abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, tó dọ́gba bí eyín ọmọdé. Wọ́n wá fi òwú gígùn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ṣòro láti fà jáde. Mo ti rí eku nínú ọkọ̀, mo ti rí ilé agbọ́n. Mi ò rí ọ̀tá tó ń fi sùúrù ránṣọ rí.

Mo pe Bàbá Rọra, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Kò gbé e sójú wò. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò ra á, ó ń ra á lọ ra á bọ̀, bí ẹni ń ka owó nínú òkùnkùn.

"Ọ̀tá ni," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ọ̀tá wo ló ń ṣẹ́ etí aṣọ báyìí?"

"Ọ̀tá tó mọ iṣẹ́ ni." Ó sọ nǹkan náà sí àpò. "Èló ni tòní?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

"Fi kún tàkọ́kọ́."

Ìgbà kẹta, aṣọ olódòdó ni. Mo pààrọ̀ rọ́bà kékeré, mo ra kílíìpù tuntun tó ń di rọ́bà mú, mo sì bu ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lé e nítorí ó ti ń bí mi nínú. Bí gbèsè ṣe di méjìdínlógún nìyẹn. Bàbá Rọra ò jiyàn lórí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ti ṣí mi lójú, nítorí oníbàárà tí kò jiyàn, ó ní ohun tó ń rò.

Ní àkókò yẹn ni àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí ìlú kan tó jìn. Ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní fíríìjì, ó ní sítóòfù, ó sì ní ìwé tó pọ̀ ju ti adájọ́ lọ. Awakọ̀ tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ bu ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta lé mi. Mo ní kó má bínú, mi ò ní kó ra ilé fún ọmọ mi, kó gbé e délé ni. Mo wá rántí ẹni tó jẹ mí. Bàbá Rọra gbà láti gbé e ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí mo bá yọ gbèsè mi nínú rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni màá fi lé e. Inú mi dùn sí ìṣirò náà. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọ mi kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń lo ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn, ilé epo ò sì sí ní àárín rẹ̀. Táǹkì gbọ́dọ̀ kún. Mo ní kí ọ̀tá náà wá gbìyànjú lọ́tẹ̀ yìí ná. Mo wá irin pẹlẹbẹ, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi bo ojú ibi tí rọ́bà kékeré ti wọ ẹnu táǹkì, mo sì fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ara ọkọ̀. Sípánà tó lè tú u, èmi nìkan ló ní in ní gbogbo òpópónà wa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni mo fi lé orí gbèsè. Ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́ irin yẹn o. Ìbínú ló rán mi.

Ní ilé epo, táǹkì gba epo bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń gba òjò. Kò ké lẹ́ẹ̀kan. Ọmọbìnrin náà wo pọ́ọ̀mpù, ó wo mi.

"Ebi ti ń pa á tipẹ́," ó ní.

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá Rọra kò rín. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ó kún." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n túfọ̀ ẹnì kan fún.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò ni ìyàwó rẹ̀ dé. Ìyá Aránṣọ là ń pè é. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta sì wà ní gígún mọ́ àyà bùbá rẹ̀. Kò jókòó. Ó ka owó sí mi lọ́wọ́, mo sì tún un kà kí n tó béèrè ohunkóhun, nítorí owó tí wọn ò kà lójú ẹni tó mú un wá, ìjà ló ń bí.

"Ó pé méjìdínlógún," mo ní. "Ó ku mẹ́rin, owó irin tí mo fi bo rọ́bà."

"Irin yẹn gan-an ni mo bá wá, Ọ̀gá. Ẹ bá mi tú u. Mi ò lè san owó nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ yọ dànù."

"Ìyá, ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí lórí ọkọ̀ yẹn. Ẹnì kan ń dí i."

"Mo mọ̀."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì mú súkúdíráfà kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn aránṣọ fi ń tún ẹsẹ̀ máṣíìnì ṣe. Ó gbé e sórí tábìlì mi.

"Èyí ló ń tú kílíìpù yín. Ó bá a mu bí ẹni pé wọ́n bí wọn pọ̀ ni."

Mo wo súkúdíráfà, mo wo ìyá náà. Àgbàlagbà obìnrin tí eékún ń dùn, tó ń wọ abẹ́ mọ́tò.

"Ẹ̀yin?" mo ní.

"Èmi."

"Kí ni ọkọ yín ṣe fún yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ló ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ọ̀gá. Kò ríran mọ́. Òsì ti kú pátápátá. Ọ̀tún yẹn, bí ẹni ń wo ìta láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Tí nǹkan ò bá sí níwájú gan-an, kò sí láyé."

Ó wá sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ wéréwéré bí ẹni ń já òwú. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun jókòó tì í nínú ọkọ̀, obìnrin kan tó pọn ọmọ bọ́ sójú títì láti ọwọ́ òsì. Obìnrin náà sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí òun rí àpá ojú rẹ̀, ọkọ òun sì ń lọ ní tirẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ owó àga. Òun kígbe, òun fa ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ dúró. Ọkọ ní òun ti rí obìnrin náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló fi di sítíárì mú gírígírí títí wọ́n fi délé.

"Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun kì í fọ́ nǹkan. Òótọ́ sì ni, kò tíì fọ́ nǹkan. Mo wá ronú pé bí epo bá kéré, kò ní lè kọjá àdúgbò. Àdúgbò yìí, ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó mọ kòtò, ó mọ gọ́tà, á rọra máa lọ. Ẹni tí epo rẹ̀ kò tó, kì í gba iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ìgbà àkọ́kọ́?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n gé tì. "Ṣé ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì? Kí n tó délé, wọn ì bá ti gbọ́ ọ nílé epo. Ta ló máa gbé dígí rẹ̀ fún ọkùnrin tí kò ríran? Iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ẹ̀mí rẹ̀. Mo ní kí ọkọ̀ máa ṣàìsàn, kí òun má ṣàìsàn." Ó ká téèpù ọrùn rẹ̀ mọ́ ìka. "Àmọ́ lánàá ó wọlé, ó ní táǹkì kún, òun ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo bá irin yín níbẹ̀. Kò sọ ẹrù ta ni."



"Ẹrù ọmọ mi ni," mo ní. "Ọmọ náà sì ń bá a lọ."

Ìgbà yẹn ló tó jókòó, lórí táyà ògbólógbòó kan tó wà nílẹ̀. Ẹ ó ní kí ni mò ń rò. N kò ní purọ́: ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta ti awakọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọ tí mo bí ni, owó ni mo kọ́kọ́ rò. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí irin tí mo tẹ̀ fúnra mi lójú ọkàn, bí mo ṣe dè é gírígírí, bí mo ṣe ń yangàn. Ìyá yìí ti sé ilẹ̀kùn, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣí i, tí mo sì ti ọmọ mi gba ibẹ̀ jáde.

Mo dá owó rẹ̀ padà sí i lọ́wọ́. "Ẹ ṣì mú un dání ná. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́."

Kí n sòótọ́, mi ò tíì gbà á gbọ́ tán. Ọkùnrin tí mò ń rí lójoojúmọ́, tó ń wakọ̀, tó ń gba owó, tó ń fún ni ní ṣéńjì. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó gbóná, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa ńlá kan síta, sí ọwọ́ òsì awakọ̀ tó bá ń wọ ẹnu ọ̀nà ilé wa, níbi tí ẹnikẹ́ni tó ní ojú kò lè ṣàìrí i. Mo ní kí ọmọ mi dúró tì mí lẹ́nu ilẹ̀kùn, kó má sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dádì, kí lẹ fẹ́ ṣe?" Mo ní kó ṣáà máa wò.

Píkọ́ọ̀pù náà yọ, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dín eré kù, ó ń dúró de ohùn mi. Mi ò pe "Máa bọ̀". Ó dúró díẹ̀, ó wá yí ọwọ́ sítíárì, ó wọlé. Táyà òsì gun bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó fọ́ ọ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́, ó sì kọjá lórí rẹ̀. Ọkọ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ọmọ mi di apá mi mú. "Dádì, ojú wọn ni mò ń wò. Wọn ò wo ibẹ̀ rárá."

Bàbá Rọra pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀. "Kí ló dún un nì?" ó béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ògiri ló kọjú sí.

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni," mo ní.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kiri títí ó fi kan rọ́bà tó fọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún.

"Ó pupa àbí?" ó ní. "Ohùn ẹ ti yàtọ̀ lónìí. Ó ti wá bá ẹ."

"Ta ni?"

"Ọ̀tá tó ń ránṣọ."

Mo sún mọ́ ọn. "Ẹ mọ̀ pé ìyàwó yín ni?"

"Ọjọ́ tó o gbé e lé mi lọ́wọ́ ni mo ti mọ̀. Ogójì ọdún ló ti ń fi ojú abẹ́rẹ́ yẹn ran àpò ṣòkòtò mi. Ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń gbé ọkọ̀ wá fún mi? Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín fà á jáde. Òwú wà nídìí ẹ̀."

"Tí mo bá fà á jáde fúnra mi, ó di ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú ẹ̀. Á ní kí ló dé tí mo yọ ọ́, màá ní kí ló dé tó fi í síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ojú á sì tún jáde. Tí ìwọ bá yọ ọ́, ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn, mẹkáníìkì ló tọ́jú ẹ̀. A jọ ń jẹun, a jọ ń sùn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo sì mọ̀ pé á tún fi òmíràn síbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ sí i. Àfìgbà tí ìwọ lọ fi irin bò ó."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí kò fi rẹ́rìn-ín nílé epo. Tọkọtaya ti fi táǹkì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, èmi sì wà láàárín wọn pẹ̀lú sípánà, mò ń bu owó iṣẹ́.

"Ẹ ì bá gbé ọmọ mi lọ lónìí," mo ní. "Ẹ mọ̀, ẹ ì bá gbé e lọ."

Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ síwájú, síbi tó rò pé mo wà. Ó fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan tàsé mi. Ọmọ mi ló gbà á.

"Mi ò sùn," ó ní. "Mo ti ń wá ẹni tí màá fún. Ìtìjú ló jẹ́ kí n wà á débí."

Ẹrù ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ ọmọ mi ò dúró de ẹnikẹ́ni, epo sì kún. Èmi ni mo wakọ̀ náà. Bàbá Rọra ní òun ń bá wa lọ, nítorí mi ò mọ ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń kó ẹrù láìsí òun. Ọmọ mi wà láàárín wa.

Ẹ gbọ́ nǹkan tó tún yà mí lẹ́nu. Gbogbo ọ̀nà yẹn ló wà lórí rẹ̀. "Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń bọ̀, tí o bá sọ̀ ọ́ tán, kòtò wà lápá òsì. Rọra." Mi ò rí kòtò kankan. Á sì yọ lóòótọ́. "Afárá tóóró. Dúró kí ẹlòmíràn kọjá." Mo dúró, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá sì kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ìyàwó rẹ̀ sọ àsọdùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Igi ńlá á wà níbí lọ́tùn-ún, ibẹ̀ la ti ń sinmi. Yà síbẹ̀."

Igi kò sí. Ilé alájà ló wà níbẹ̀, wọ́n ti kùn ún, ó tilẹ̀ ti gbó díẹ̀.

Èmi ò lè sọ ọ́. Ọmọ mi ló sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Wọ́n ti gé e, Bàbá. Ó jọ pé ó ti pẹ́."

"Ilé ló wà níbẹ̀?"

"Ilé ni, Bàbá."

"Mo ti gba ibí kọjá lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ," ó ní. "Mo mọ̀ pé mo ti gbà á." Ìgbà tí a dé, tí wọ́n ń sọ fíríìjì kalẹ̀, ló tó dìde, tó ní, "Ẹ rọra."

Ìgbà tí a padà délé rẹ̀, Ìyá Aránṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ kan ògiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mú aṣọ kíká yẹn jáde látinú àpò, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà, ó fi í lé e lọ́wọ́.

"Iṣẹ́ rẹ nìyí," ó ní. "Etí ẹ̀ dúró dáadáa."

Obìnrin náà wò ó, ó sì fi iborùn bo ojú. Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n n kò lọ, nítorí a ò tíì ṣe ìṣirò.

Owó ọkọ̀ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bàbá Rọra ní kí n yọ owó awakọ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí òun ò wakọ̀. Mo yọ mẹ́wàá fún ara mi, mo ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un. Mo ní, "Gbèsè ńkọ́?"

"Èwo ni gbèsè? Ẹni tó dí i ni kó san owó yíyọ."

Ìyá Aránṣọ kò bá a jiyàn. Ó gbé méjìdínlógún yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún un kà, ó sì pé.

"Ó ku mẹ́rin, owó irin," mo ní.

"Èmi kọ́ ni mo ní kó o ṣe irin," ọkọ wí.

"Èmi sì ti ní kí ẹ tú u," ìyàwó wí.

"Ó dáa. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?"

"Ta ló ní kó o gbé e síbẹ̀?" àwọn méjèèjì wí pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí ohùn wọn ṣọ̀kan lórí ọkọ̀ yẹn nìyẹn.

Wọ́n ti lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ti òsì ti tán, ti ọ̀tún ni wọ́n ní àwọn á lè dá dúró níbi tó dé. Awakọ̀ kan tó ti fi ìgbà kan wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wa píkọ́ọ̀pù náà báyìí, Bàbá Rọra a sì jókòó tì í, a máa sọ ibi tí kòtò wà fún un. Bí ibì kan bá ti yí padà, awakọ̀ náà á sọ fún un, Bàbá Rọra á sì ní kó tún un sọ kí òun lè há a sórí. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n gbé e wá fún bíréèkì. Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo rí irin mi, ó ti ń dípẹtà bí ti gbogbo ara ọkọ̀ yòókù. Mo ní ṣé kí n tú u, n ò ní gba nǹkan kan.

"Fi í sílẹ̀," Bàbá Rọra wí láti ojú fèrèsé. "Tí o bá tú u, kí la fẹ́ máa jiyàn lé?"

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náà ṣì wà nílẹ̀.